Ìṣàpa àti Ìpadínkù: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Pípa Ẹran Nítorí Àrùn, àti Ìjà Bájà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbìyànjú láti sọ ìtàn ìjà bájà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn Òsì tàbí Ìlọ́fà yóò rí i pé ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn àkọ́kọ́. Kókó ìtàn náà kò ṣòro. Àrùn kan ń bá màlúù jà. Ìjọba gbà pé ẹranko inú ihò kan wà lára àwọn tí ń kó àrùn náà ràn wọ́n. Ìjọba ní kí a pa ẹranko náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú sì fárígá, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ pa á. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ ẹranko náà? Kí ni a ó pe àrùn náà? Irú pípa wo sì ni pípa yìí? Ìbéèrè kẹta ni ó le jù lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí atúmọ̀-èdè bá fi dáhùn rẹ̀ yóò ti gbè lẹ́yìn apá kan nínú àwọn oníjà kí ẹnikẹ́ni tó ro ẹjọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Òsì àti Ìlọ́fà ju bí ó ti farahàn lọ. Òsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìlọ́fà sì ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ, méjèèjì ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí oko àgbẹ̀ àti ọ̀nà darandaran ti ń pàdé. Kò sí bájà nínú igbó wọn. Ṣùgbọ́n màlúù wà níbẹ̀, wàrà láti gáà Fúlàní ń dé ọjà, fùkù sì ń bẹ lórí àtẹ alápatà. Àrùn tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára màlúù Nàìjíríà pẹ̀lú. Bí ìjọba kan bá pinnu lọ́la láti gbógun ti àrùn náà, àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ pè láti wá ṣàlàyé ète ìjọba fún àwọn ènìyàn. Ó sàn kí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọ̀bẹ tó jáde.

Orúkọ ẹranko náà ni ó rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tó ajá kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, èékánná rẹ̀ gùn fún ilẹ̀ wíwà, irun ara rẹ̀ jọ eérú, orí rẹ̀ sì funfun pẹ̀lú ilà dúdú méjì tí ó gba ojú kọjá. Òru ni ó ń jẹ̀. Ekòló ni ó ń jẹ jù. Agbo kan lè gbé inú ihò kan náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí àwọn ọmọ yóò máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì kò ṣàìbá ìṣòro yìí pàdé, nítorí pé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 sọ̀rọ̀ awọ ẹranko yìí nínú ìwé Ẹ́kísódù, níbi tí a ti ń ṣe àgọ́. Awọ seali ni Bíbélì Yorùbá pè é, ẹran omi sì ni seali. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ọ̀rọ̀ Hébérù náà ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò ran atúmọ̀-èdè lọ́wọ́ níhìn-ín. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí a pè é ní òkété ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtítọ́ ni pé àwọn méjèèjì ń gbé inú ihò, ṣùgbọ́n ẹbí eku ni òkété, bájà kì í sì í ṣe eku. Kí a yá ọ̀rọ̀ náà, kí a kọ ọ́ ní bájà, ni ó tọ́. Àléébù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ìṣe, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ẹlòmíràn jà. Ẹni tí ó bá sì ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lè sọ pé orúkọ ro ẹran náà.

Orúkọ àrùn náà gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, ikọ́ ìfe, ikọ́ fée: gbogbo wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti rédíò ń lò, wọ́n sì bá ti ènìyàn mu, nítorí pé ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni àwọn mìíràn ń wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ jù, ó ń gba àrùn ẹ̀dọ̀ mọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró. Ní ti màlúù, ikọ́ gan-an ni ó ń ṣini lọ́nà. Màlúù tí ó ní àrùn náà lè má wúkọ́ rárá títí di ọjọ́ tí a ó pa á. Kòkòrò tí ń fà á, Mycobacterium bovis, jẹ́ ọmọ ìyá kòkòrò tí Robert Koch fihàn ní 1882 gẹ́gẹ́ bí okùnfà ikọ́ ẹ̀gbẹ ènìyàn. Ó lè gba inú wàrà tí a kò sè wọ ara ènìyàn, kí ó sì lọ jókòó sí kókó ọrùn, sí egungun tàbí sí ìfun, kí ó má tilẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Koch fúnra rẹ̀ sọ ní ìlú London ní 1901 pé ti màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ènìyàn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní ọdún kan náà fi ọdún 10 wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé ó léwu. Nítorí náà ẹ̀gbẹ lásán, láìsí ikọ́ níwájú rẹ̀, ni ó yẹ fún ti màlúù: ẹ̀gbẹ màlúù. Gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, ẹran tí àrùn náà bá sì ti pẹ́ lára rẹ̀ a máa gbẹ.

Níbi tí a bá ti dárúkọ wàrà, ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń pe omi ọmú màlúù àti ohun funfun dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Iná ni wọ́n fi ń se èyí dídì, ewé bọmubọmu ni wọ́n sì ń lò láti mú un dì; ooru iná náà ni ọ̀tá kòkòrò àrùn. Nọ́nọ̀ tí a kò sè kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìkìlọ̀ ìlera bá jáde ní èdè Yorùbá pé kí àwọn ènìyàn yẹra fún wàrà, láìfi ìyàtọ̀ sí i, ìkìlọ̀ náà yóò ba ọjà obìnrin tí ó se tirẹ̀ jẹ́, ẹni tí ń mu nọ́nọ̀ yóò sì rò pé kò kan òun. Wàrà tútù àti wàrà sísè ni ó yẹ kí àwọn ìwé máa kọ.

Ohun mìíràn wà nípa kòkòrò yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Àwọn ará Faransé méjì, Calmette àti Guérin, sin kòkòrò màlúù yìí fún ọdún 13 títí agbára rẹ̀ fi pin, a sì kọ́kọ́ fún ọmọ-ọwọ́ ní 1921. Òun ni BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó fi àpá sí apá òkè ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ka ojú-ìwé yìí. Ẹ̀gbẹ màlúù ni a fi dá ààbò bo ènìyàn. Yóò tún jẹyọ nínú ọ̀rọ̀ bájà.

Ìlànà tí a ń lò fún màlúù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Dókítà ẹran a gún awọ ọrùn màlúù ní ojú méjì, ọ̀kan pẹ̀lú túbákúlìn ti màlúù, èkejì pẹ̀lú túbákúlìn ti ẹyẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 3 yóò padà wá wọn bí awọ náà ti wú tó. Bí ojú ti màlúù bá wú ju ti ẹyẹ lọ dé ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, a ó pa màlúù náà, ìjọba yóò sì san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ó ni ín. Ní ọ̀pọ̀ ọdún nínú ogún ọdún tí ó kọjá, màlúù tí a pa bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 20,000 lọ lọ́dún kan. Àgbẹ̀ tí ó sin agbo kan láti ọwọ́ bàbá rẹ̀ lè pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, owó gbà-má-bínú kò sì lè dá ìran màlúù náà padà. Ẹni tí ó bá fojú kéré ìbànújẹ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò ní lóye ìjà náà.

Ní 1971 ni a rí òkú bájà kan tí ó ní kòkòrò náà ní Gloucestershire. Ní 1973 ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó dá ààbò bo bájà, ṣùgbọ́n òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ìyọ̀ǹda láti pa á nítorí àrùn. Láti 1975 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fín èéfín olóró sínú ihò wọn. Wọ́n ṣe é títí di 1982, nígbà tí àyẹ̀wò fihàn pé èéfín náà kì í tètè pa ẹran ọ̀hún, ó ń jẹ ẹ́ níyà. Pàkúté onírin àti ìbọn ni ó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ń tẹ̀lé ara wọn, ti Zuckerman ní 1980, ti Dunnet ní 1986, títí ó fi di ti John Krebs ní 1997, tí ó sọ pé gbogbo pípa yìí kò tí ì ní ẹ̀rí tí ó péye, kí a ṣe ìdánwò tòótọ́.

Ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó sì parí ní 2005. A ya agbègbè 30 sọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 100 kìlómítà níbùú lóròó. Ní ìdá mẹ́ta kan a pa bájà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ní ìdá kejì a pa wọ́n kìkì níbi tí àrùn bá ti yọ lára màlúù. Ní ìdá kẹta a kò pa ìkankan. Bájà tí ó tó nǹkan bí 11,000 ni ó kú. Ní 2003 ìjọba dá ti ìdá kejì dúró lójijì, nítorí pé ẹ̀gbẹ màlúù ń pọ̀ sí i níbẹ̀ dípò kí ó dín kù. Ní ìdá kìíní àrùn dín kù ní nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 láàárín agbègbè tí a ti pa bájà, ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i ní etí agbègbè náà, kìlómítà 2 yí i ká. Ìgbìmọ̀ tí John Bourne jẹ́ alága rẹ̀ jábọ̀ ní 2007 pé pípa bájà kò lè ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ó ní láárí nínú ìdènà ẹ̀gbẹ màlúù ní ilẹ̀ wọn.

Kí ni ó fa etí agbègbè tí ó burú sí i? Ọdẹ èyíkéyìí ní Òsì lè dáhùn. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ ihò òkété rí mọ̀ pé bí a bá dí ojú kan, ẹran a gba ojú kejì yọ. Bájà tí a kò dàrú máa ń dúró sí àyè agbo tirẹ̀. Nígbà tí a bá pa àwọn kan nínú agbo, àwọn tí ó kù a máa rìn kiri, wọn a wọ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọn a pàdé bájà tuntun àti màlúù tuntun. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un jọ ti àwọn tí ń wo ìràwọ̀, èyí tí kò yé ará ìta. Ìtúká ni Yorùbá yóò pè é, ìtúká agbo, kò sì sí ohun tí ó ṣókùnkùn nínú rẹ̀.

Ó tó àkókò láti dé orí ọ̀rọ̀ pípa fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún pípa bájà ti inú èdè Látìn wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí kí a ṣà jọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti di kí a ṣà nínú agbo, kí a mú èyí tí kò dára kúrò. Yorùbá ní ṣà tí ó bá èyí mu rẹ́gírẹ́gí. Ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà mọ ohun tí ó ń ṣe: ó ń wo hóró kọ̀ọ̀kan, ó ń mú èyí tí kòkòrò ti jẹ, ó ń fi èyí tí ó dára sílẹ̀. Bí a bá so ṣà pọ̀ mọ́ pa, gẹ́gẹ́ bí a ti so ṣà pọ̀ mọ́ yàn nínú ṣàyàn, ṣàpa ni a ó ní, ìṣàpa sì ni ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀. Atúmọ̀-èdè tí kò bá fura yóò yọ̀, yóò sì kọ ìṣàpa bájà.

Yóò ti parọ́. A kò ṣa bájà. Láti 2013, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ pípa ní Somerset àti Gloucestershire, ète rẹ̀ ni láti pa ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 bájà agbègbè kọ̀ọ̀kan. A kì í yẹ ẹran náà wò kí a tó yìnbọn fún un, ọ̀pọ̀ jù lọ ni a kò sì yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ó kú. Aláìsàn àti alára líle ni wọ́n ń pa pọ̀, nítorí pé iye ni wọ́n ń wá láti mú kúrò, kì í ṣe àìsàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí màlúù ni ìṣàpa: a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí àmì, a pa á. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bájà jẹ́ ohun mìíràn, ó sì yẹ kí ó ní orúkọ mìíràn.

Àwọn orúkọ kan wà lórí àtẹ. Ìparun kò dára, nítorí pé kò sí ìjọba kan tí ó sọ pé òun fẹ́ kí bájà tán láyé. Ìpakúpa ni ọ̀rọ̀ tí inú àwọn alátakò yóò dùn sí; ó ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ. Ìdínkù nìkan, tàbí ìṣàkóso iye, jẹ́ èdè ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ìbọn wà nínú rẹ̀. Ìpadínkù ni ó sọ òtítọ́ méjèèjì: pé a ń pa, àti pé iye ni a fẹ́ dín kù. Alátìlẹ́yìn lè lò ó láìtijú, alátakò lè lò ó láìjuwọ́ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ṣíṣà bo ìpadínkù mọ́lẹ̀. Kò sí ìdí tí èdè Yorùbá yóò fi yá aṣọ ìbora náà mọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí náà ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àtakò náà. Ó wọ́pọ̀ kí a gbọ́ pé ìfẹ́ ẹran ni ó ń da àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàmú, pé wọ́n ka ìwé ọmọdé tí Kenneth Grahame tẹ̀ jáde ní 1908, nínú èyí tí bájà ti jẹ́ àgbàlagbà ọlọ́gbọ́n inú igbó, wọ́n sì ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ìyẹn wà níbẹ̀. (Yorùbá ti ń pa àlọ́ Ìjàpá láti ayébáyé, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jẹ ẹran ahun.) Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹran nìkan kọ́. Ní oṣù kẹwàá 2012 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ju 30 lọ, tí Krebs wà lára wọn, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé ẹ̀rí kò ti ìjọba lẹ́yìn. Nínú oṣù kan náà ilé aṣòfin jíròrò ọ̀rọ̀ náà, 147 dìbò lòdì sí ìpadínkù, 28 dìbò fún un. Ìbò náà kò de ìjọba. Ará ìlú ju 300,000 lọ ni ó fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ kan lòdì sí ìpadínkù, Brian May, olórin Queen tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, sì wà níwájú rẹ̀. Ní agbègbè tí a ti ń yìnbọn, àwọn ènìyàn ń rìn ní òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wá bájà tí ó fara gbọgbẹ́, àwọn mìíràn ń dí àwọn ayìnbọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn dúró ti ìjọba gbọnyin: wọ́n ní àwọn kò lè máa pa màlúù tiwọn lọ́dọọdún, kí a sì fi ẹran igbó tí ń kó àrùn ràn án sílẹ̀.

Ní 2014 ìgbìmọ̀ òmìnira tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn jábọ̀ lórí ọdún kìíní. Ó ní ìbọn tí a yìn ní pápá gbangba kò pa tó ìdajì bájà agbègbè náà, àti pé láàárín ìdá 7.4 àti 22.8 nínú 100 àwọn tí ìbọn bà ṣì wà láàyè lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Ìdá 5 ni òdiwọ̀n tí a ti fi sílẹ̀. Ilé aṣòfin tún dìbò ní oṣù kẹta, 219 lòdì sí 1. Ìjọba tẹ̀síwájú, kò sì tún yan irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ju ikú bájà lọ.

Ní Wales, ilé ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn fagi lé àṣẹ ìpadínkù ní 2010. Ní 2012 ìjọba ibẹ̀ yan abẹ́rẹ́ àjẹsára dípò. BCG náà ni, èyí tí a gbà láyè fún bájà ní 2010: a mú un nínú pàkúté, a gún un, a tú u sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pípa ń lọ. Títí dé òpin 2023, iye bájà tí a pa láti 2013 ti ju 230,000 lọ. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ìjọba tí ó jáde ní 2024 sọ pé ẹ̀gbẹ màlúù dín kù ní ìdá 56 nínú 100 lẹ́yìn ọdún 4 ní àwọn agbègbè náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ gbà pé àwọn kò lè ya iṣẹ́ ìpadínkù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìlànà mìíràn tí a mú le lórí màlúù ní àkókò kan náà. Àwọn mìíràn ti yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba wò ní 2022, wọn kò rí èrè kankan. Ní oṣù kẹjọ 2024 ìjọba tuntun kéde pé ìpadínkù yóò dópin kí sáà ilé aṣòfin náà tó parí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a yọ májèlé kúrò lára rẹ̀. Kí ni a ó pe ẹran tí àrùn fi ṣe ibùgbé, tí ẹran mìíràn sì ń kó o lára rẹ̀? Agbódegbà àrùn ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni agbódegbà ń dá; ó mọ̀ pé ẹrù olè ni òun gbà. Bájà kò mọ nǹkan kan. Àmù àrùn ni ó sàn. Gbogbo ilé mọ àmù: omi a máa dúró sínú rẹ̀, àwọn ará ilé a máa bù ú, ṣùgbọ́n àmù kì í fa omi fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ni ó ń lọ sí odò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Charles Godfray jábọ̀ ní 2018, ó gbà pé bájà ń kó àrùn ran màlúù, ṣùgbọ́n ó sọ pé a ti tẹnu mọ́ ẹran igbó jù, nígbà tí ìmọ́tótó oko àti rírà àti títà màlúù tí ó ní àrùn kò rí àbójútó tí ó tó. Ọ̀rọ̀ náà, àmù, gbé ìbéèrè yìí dání: ta ni ń rọ omi sí i?

Ìbéèrè odò ni ó kan Nàìjíríà tààrà. Ní 2009 àwọn onímọ̀ fihàn pé ìran kan náà nínú kòkòrò ẹ̀gbẹ màlúù ni ó gbòde ní Nàìjíríà, Kámẹ́rúùnù, Chad àti Mali. Ẹsẹ̀ màlúù ni ó rìn ín. Ní 2006 Simeon Cadmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde tí ó fihàn pé kòkòrò náà wà lára màlúù tí a pa ní Ìbàdàn àti lára díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò sí bájà tí a lè di ẹ̀bi rù níhìn-ín. Ohun tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ààbò ni ojú wolé-wolé àti dókítà ẹran ní odò ẹran, tí wọ́n ń wo fùkù àti kókó inú ẹran, tí wọ́n sì ń dá èyí tí ó ní àmì dúró kí ó má baà dé ọjà. Alápatà tí a gba fùkù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í rí nǹkan gbà dípò rẹ̀, a sì mọ ohun tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn láti ṣe.

Nàìjíríà ti rí i rí, pẹ̀lú adìyẹ. Ní oṣù kejì 2006 a kéde fúlúù ẹyẹ ní oko kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹyẹ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó bá àrùn náà àti ìpadínkù tí ó tẹ̀lé e lọ láàárín ọdún méjì. 250 náírà ni ìjọba là sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú lórí adìyẹ kan. Àwọn kan fi adìyẹ wọn pamọ́, àwọn kan sáré tà á kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Ohun tí ó yẹ kí ó dí ọ̀nà àrùn ni ó tún là á fún un, bí ìtúká agbo bájà gẹ́lẹ́.

Gbà-má-bínú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìperí tí ó dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé ìbínú wà, pé ìbínú náà sì tọ́. Ó gba pé kí olóhun wà tí yóò nawọ́ gbà á. Màlúù ní olóhun. Bájà kò ní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìjọba kò rí ẹni tí yóò fún ní gbà-má-bínú orí bájà 230,000, àwọn ará ìlú tí ó ń rìn ní òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì sì sọ ara wọn di olóhun rẹ̀, láìsí owó tí a lè fi tù wọ́n. Ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà. Ìpadínkù kò ní í wáyé níbẹ̀. Bí ohunkóhun bá wáyé, ìṣàpa ni yóò jẹ́, ẹran tí a ó sì ṣà ní olóhun tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti gáà rẹ̀, tí òun àti àgbẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ lè ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí oko. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ ìpakúpa lẹ́nu olùgbéròyìnjáde, darandaran yóò gbà pé òun ni a dojú kọ, kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n bá gbọ́ ìṣàpa, wọn yóò béèrè bí a ti ṣà á, ìyẹn sì ni ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ní màlúù, tí ó bá jókòó ní kíláàsì ní Ìlọ́fà, yóò béèrè ìkejì pẹ̀lú: ta ni yóò san owó rẹ̀? Títí di ìsinsìnyí kò sí ètò ìyẹ̀wò àti ìṣàpa fún ẹ̀gbẹ màlúù tí ó kárí Nàìjíríà, kò sì sí gbà-má-bínú tí a yà sọ́tọ̀ fún un.